Ọkùnrin Tó Ta Mọ́tò Rẹ̀ Nítorí Ìtàn Abẹ́ Ilẹ̀

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n mú iná lọ ní họ́sítẹ́ẹ̀lì wa, bí wọ́n ti máa ń mú un lọ. Àwa mẹ́rin jókòó sínú òkùnkùn pẹ̀lú fóònù kan ṣoṣo. Ọ̀kan nínú wa, ẹni tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ nípa orin, ní òun ní àwo orin kan tí òun fẹ́ kí a gbọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìfo ibì kankan. A bi í pé ìṣẹ́jú mélòó ni. Ó ní ogójì. A pariwo. Ta ló tún ráyè orin ogójì ìṣẹ́jú láyé ìsinsìnyí? Ṣùgbọ́n kò sí iná, kò sí dátà, oorun náà kò sì wá, la bá gbà.

Fèrè ńlá dún, gòjé òyìnbó tẹ̀lé e, ìlù dé, lẹ́yìn náà ni ọkùnrin kan bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn bí ẹni tó jókòó ti ẹ̀gbẹ́ wa. Ìtàn ọ̀jọ̀gbọ́n kan ni, òun àti ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó jẹ́ mọ̀lẹ́bí rẹ̀, tí wọ́n gba ẹnu òkè oníná wọ inú ilẹ̀ lọ. Díẹ̀díẹ̀, a dákẹ́ ariwo. Nígbà tó di ibi tí ẹranko òkun méjì ti ń bá ara wọn jà, bátìrì fóònù kú. Ẹ wo ìyà! Lọ́jọ́ kejì, kí a tó jẹun àárọ̀, a ti ń wá ìyókù. Láti ibẹ̀ la ti bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí nípa bí wọ́n ṣe ṣe àwo orin náà, ohun tí a sì rí fẹ́rẹ̀ẹ́ dùn ju orin inú rẹ̀ lọ.

Orúkọ àwo orin náà ni Journey to the Centre of the Earth. Rick Wakeman ló gbé e jáde ní oṣù karùn-ún ọdún 1974. Orin róòkì ni, ṣùgbọ́n ẹ̀yà róòkì tí wọ́n ń pè ní progressive: orin gígùn, tí kì í pé nínú ìṣẹ́jú mẹ́ta tí rédíò fẹ́, tí àwọn tó ń ṣe é fẹ́ kí ènìyàn jókòó gbọ́ ọ dípò kí ó máa jó sí i. Àwo orin onítàn kan ṣoṣo sì ni. Kì í ṣe àkójọ orin mẹ́wàá tí kò bá ara wọn tan. Ìtàn kan ló bẹ̀rẹ̀ ní ojú kìn-ín-ní, òun náà ló parí ní ojú kejì.

Wakeman kọ́ ló kọ́kọ́ da róòkì pọ̀ mọ́ ọkẹ́sítírà o. Ní ọdún 1967, ẹgbẹ́ Moody Blues gbé Days of Future Passed jáde. Ó sọ ìtàn ọjọ́ kan ṣoṣo, láti àfẹ̀mọ́júmọ́ dé òru, ọkẹ́sítírà tí Peter Knight darí ń gbé e láti orin dé orin, ewì sì wà níbẹ̀rẹ̀ àti níparí rẹ̀. Ní ọdún 1969, ẹgbẹ́ Deep Purple bá ọkẹ́sítírà Royal Philharmonic ṣeré ní Royal Albert Hall. Ní ọdún 1972, Lou Reizner tó jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà kó London Symphony Orchestra àti English Chamber Choir jọ, wọ́n fi ọkẹ́sítírà ṣe Tommy, ìtàn tí ẹgbẹ́ The Who ti fi gìtá sọ tẹ́lẹ̀. David Measham ló darí ọkẹ́sítírà náà. Ẹ di orúkọ wọ̀nyí mú, wọn yóò padà wá.

Ìdí tí àwọn ọ̀dọ́ yìí fi ń lépa ọkẹ́sítírà kò ṣòro láti mọ̀. Púpọ̀ nínú wọn kọ́ dùùrù nílé tàbí ní ṣọ́ọ̀ṣì kí wọ́n tó gbá gìtá mú. Àwọn àgbà sì ń sọ fún wọn pé ariwo ni wọ́n ń pa. Tí ènìyàn bá gbé ọgọ́rin olórin tó wọ kóòtù dúdú sẹ́yìn ara rẹ̀, ta ni yóò tún pè é ní aláriwo? Ṣùgbọ́n ìṣòro ibẹ̀ ni pé ní ọ̀pọ̀ ìgbà, ọkẹ́sítírà a kàn máa dà bí aṣọ àríyá tí wọ́n yá wọ̀. Ẹgbẹ́ róòkì á ṣe tirẹ̀, ọkẹ́sítírà á dá a lóhùn, oníkálukú á sì gba ilé lọ.

Ta ni Wakeman yìí? Ọmọ ìwọ̀-oòrùn London ni, wọ́n bí i ní ọdún 1949. Ó wọ Royal College of Music, ọ̀kan nínú àwọn ilé-ẹ̀kọ́ orin tó lórúkọ ní ìlú náà, ṣùgbọ́n kò parí, torí pé iṣẹ́ ti pọ̀ jù fún un ní sítúdíò. (Àwọn tó ń ronú láti ṣe bẹ́ẹ̀ nínú yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi tiwa kẹ́wọ́.) Òun ló tẹ Mellotron nínú orin Space Oddity ti David Bowie ní 1969, òun náà ló tẹ dùùrù nínú Morning Has Broken ti Cat Stevens. Bí ẹ bá ti gbọ́ orin wọ̀nyẹn rí, ẹ ti gbọ́ ọwọ́ rẹ̀ láìmọ̀. Ní 1971 ó dara pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ Yes, ọ̀kan nínú àwọn ẹgbẹ́ tó gbajúmọ̀ jù nínú irú orin yìí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1973 ó gbé àwo orin tirẹ̀ àkọ́kọ́ jáde, lórí ìyàwó mẹ́fà tí ọba Henry kẹjọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fẹ́. Ó ṣe orin kọ̀ọ̀kan fún ìyàwó kọ̀ọ̀kan, títí kan àwọn méjì tí kábíyèsí ní kí wọ́n bẹ́ lórí.

Àwo orin yẹn tà. Àárín òun àti Yes ló wá ń bàjẹ́. Ní ìparí 1973 ẹgbẹ́ náà gbé Tales from Topographic Oceans jáde, àwo méjì tó ní orin mẹ́rin péré, ìkọ̀ọ̀kan sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ogún ìṣẹ́jú. Wakeman kò fẹ́ràn rẹ̀, kò sì fi pa mọ́. Òun fúnra rẹ̀ ti sọ ọ́ níbi púpọ̀ pé nígbà tí àwọn ń ṣeré ní Manchester, òun jókòó jẹ ìrẹsì àti ọbẹ̀ kọ́rì lórí pèpéle níbi tí òun ti yẹ kí òun máa tẹ dùùrù. Nígbà tí a ka èyí, a rẹ́rìn-ín títí. Ọ̀kan nínú wa wá béèrè ìbéèrè tó mọ́gbọ́n dání: bí ẹni yìí kò bá fẹ́ràn orin gígùn, kí ló dé tó jẹ́ pé orin gígùn ló tún lọ fi owó ara rẹ̀ ṣe?

A rò pé ìtàn ni ìdáhùn. Orin gígùn ti ẹgbẹ́ Yes yẹn ń sọ nípa ìrònú ẹ̀mí tí Wakeman kò rí ìdí rẹ̀. Ìtàn abẹ́ ilẹ̀ ní ènìyàn nínú, ó ní ewu, ó ní ọ̀nà àbáwọlé àti ọ̀nà àbájáde. Jules Verne ará Faransé ló kọ ọ́ ní 1864. Ọ̀jọ̀gbọ́n Lidenbrock, ará Jámánì tí ara rẹ̀ kì í balẹ̀, rí ìwé kékeré kan nínú ìwé àtijọ́. Ẹnì kan tó ń jẹ́ Arne Saknussemm, ọmọ ilẹ̀ Iceland, ló kọ ọ́ lọ́nà ìkọ̀kọ̀, ó ní òun ti dé àárín gbùngbùn ayé rí. Ọ̀jọ̀gbọ́n mú Axel dání, wọ́n gba Iceland lọ, wọ́n háyà Hans tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, wọ́n sì wọ inú òkè Snæfellsjökull. Omi tán lọ́wọ́ wọn. Axel sọnù sínú òkùnkùn. Wọ́n rí òkun lábẹ́ ilẹ̀, wọ́n rí igbó, wọ́n rí ohun tó ga ju ènìyàn lọ tó ń da ẹran bí ẹni da màlúù. Níkẹyìn, òkè oníná mìíràn pọ̀ wọ́n síta ní Stromboli, ní ilẹ̀ Ítálì. Àwa tí a ka Fágúnwà ní sẹ́kọ́ńdírì, irú ìrìn báyìí kò ṣàjèjì sí wa rárá. Ẹni tó bá lọ, tó rí, tó sì padà bọ̀, dandan ni kí ó jókòó sọ ọ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le ni owó. Ọkẹ́sítírà kì í ṣe ẹgbẹ́ àwọn ọ̀rẹ́. Iye tí olórin kọ̀ọ̀kan ń gbà ní wákàtí kan ti wà nílẹ̀, ìgbáradì sì ní owó tirẹ̀. Ẹ fi akọrin kún un, ẹ fi gbọ̀ngàn kún un, ẹ fi ẹ̀rọ tó ń gba ohùn sílẹ̀ kún un. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 40,000 pọ́ùn, ọ̀kẹ́ méjì gééré, ní ayé ìgbà tí ènìyàn lè fi owó tó kéré sí i púpọ̀ ra ilé ní England. Ilé-iṣẹ́ A&M tó ń gbé orin rẹ̀ jáde kò ṣe tán láti gbé gbogbo ẹrù yẹn. Wakeman bá ta lára àwọn mọ́tò rẹ̀, ó fi ilé rẹ̀ dógò, ó sì mú orí lé e. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni.

Lórí èyí la ti jà nínú yàrá wa. Àwọn méjì ní ìwà òmùgọ̀ ni, pé ẹni tó níyàwó tó lọ́mọ kò gbọdọ̀ fi òrùlé orí wọn ta tẹ́tẹ́. Àwọn méjì yòókù ní bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, a ò ní gbọ́ nǹkan kan lóru ọjọ́ yẹn. Àríyànjiyàn náà kò tíì parí, torí pé ọ̀kan nínú wa fẹ́ yá owó ṣe àwo orin tirẹ̀, bàbá rẹ̀ kò sì fẹ́ gbọ́ ọ sétí.

Reizner bá Wakeman wá ojú London Symphony Orchestra, English Chamber Choir náà sì wà níbẹ̀, Measham ló tún darí. Ẹ rí i pé àwọn ará ilé Tommy ni gbogbo wọn. Wil Malone àti Danny Beckerman bá a to orin fún ọkẹ́sítírà. Ní ti ẹgbẹ́ róòkì, A&M ìbá fẹ́ olórúkọ ńlá, ṣùgbọ́n Wakeman mú àwọn tí ó ń bá ṣeré ní ilé ọtí kan ní abúlé Holmer Green, ní Buckinghamshire: Ashley Holt tó ń kọrin, Roger Newell lórí gìtá báàsì, Barney James lórí ìlù. Gary Pickford-Hopkins di olórin kejì, Mike Egan mú gìtá. Kò fẹ́ kí àwọn ènìyàn wá wo gbajúmọ̀. Ó fẹ́ kí wọ́n wá gbọ́ ìtàn.

Alẹ́ ọjọ́ 18, oṣù kìn-ín-ní, ọdún 1974 ni wọ́n gbà á sílẹ̀ ní Royal Festival Hall, lójú àwọn ènìyàn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ṣe é lálẹ́ yẹn. Gbígbà á sílẹ̀ ní sítúdíò ìbá gbówó ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí náà ojú àwùjọ ló di sítúdíò. Ọkọ̀ àgbérìn tí Ronnie Lane fi ṣe sítúdíò alágbèéká ni wọ́n fi gba ohùn náà.

Ẹ jẹ́ kí a dúró síbi yìí díẹ̀, torí pé olórin àárín wa ṣàlàyé rẹ̀ fún wa títí ó fi yé wa, ó sì dùn mọ́ wa. Nínú ọkẹ́sítírà, ọwọ́ olùdarí ni gbogbo ojú ń wò. Nínú ẹgbẹ́ róòkì, onílù ni gbogbo etí ń gbọ́. Bí olùdarí bá sáré díẹ̀ ju onílù lọ, orin ti ya sí méjì nìyẹn. Gòjé òyìnbó kò sì ní iná mànàmáná, ohùn igi àti okùn ni, bẹ́ẹ̀ ni gìtá tó wà nítòsí rẹ̀ lè bò ó mọ́lẹ̀ pátápátá. Ẹni tó ń gba ohùn sílẹ̀ ní láti fi ẹ̀rọ sítòsí àwọn ológòjé kí wọ́n lè jáde, ẹ̀rọ yẹn náà á sì máa gbọ́ ìlù tí kò yẹ kó gbọ́. Kò sí pé ẹ dúró, ẹ jẹ́ ká tún un ṣe. Àwùjọ ti sanwó, wọ́n ti jókòó.

Láàárín gbogbo èyí, Wakeman dúró sáàárín òkìtì dùùrù. Mellotron wà níbẹ̀: lábẹ́ bọ́tìnì kọ̀ọ̀kan, téèpù kan wà tí wọ́n ti gba ohùn sí, bí gòjé tàbí ohùn akọrin. Tí o bá tẹ bọ́tìnì, téèpù á yí, ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú àáyá bíi mẹ́jọ péré ni, ó tán. Moog wà níbẹ̀ pẹ̀lú, tí kò lè dún ju ohùn kan lọ lẹ́ẹ̀kan, ṣùgbọ́n tó lè gún ọkẹ́sítírà bí abẹ́rẹ́. Ohun tó pa wá lẹ́rìn-ín ni pé wọ́n ṣe Mellotron kí ènìyàn má baà ní láti háyà ọkẹ́sítírà. Wakeman wá gbé e síwájú ọkẹ́sítírà gidi.

Ní ti asọ̀tàn, David Hemmings ni. Gbogbo ayé mọ̀ ọ́n nínú sinimá Blow-Up ti 1966. Ohun tí a kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni pé olórin ni láti kékeré. Ní 1954, nígbà tó jẹ́ ọmọdé, òun ni Benjamin Britten fi ṣe Miles nínú eré olórin rẹ̀, The Turn of the Screw. Nígbà tí a mọ èyí ni a tún gbọ́ àwo orin náà lẹ́ẹ̀kejì, a sì gbọ́ nǹkan mìíràn. Hemmings kì í dúró kí orin parí kó tó sọ̀rọ̀. Ó mọ ibi tí gòjé yóò ti rọlẹ̀, ó sì ń wọlé síbẹ̀. Kì í pariwo. Ó ń sọ ọ́ bí ẹni tó ń ka létà tí a kọ sí i.

A fẹ́ sọ èyí láìfi igbá kan bọ̀kan nínú: asọ̀tàn yẹn ló gba àwo orin náà là. Àwọn olórin méjèèjì ń sapá, ṣùgbọ́n níbì kan ohùn wọn tẹ́ẹ́rẹ́, ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń kọ kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ gbóná. Ẹgbẹ́ akọrin dà bí ìsìn Kérésìmesì nígbà mìíràn. Níparí, wọ́n tilẹ̀ mú orin Grieg nípa gbọ̀ngàn ọba orí òkè wọ inú rẹ̀, èyí tí gbogbo ènìyàn ti mọ̀. Olórin àárín wa ní olè ni, àwa yòókù ní ìkíni ni. Ṣùgbọ́n ọkẹ́sítírà lè mú kí ẹ̀rù bà ọ́, kò lè sọ fún ọ pé Axel ló sọnù, pé omi ti tán, pé ògiri ló fi ń gbọ́ ohùn àwọn ará rẹ̀. Nínú àlọ́ tiwa, apàlọ́ á sọ, agbe-orin á gbè, kò sí ẹni tó ń béèrè pé kí ni ọ̀rọ̀ ń wá nínú orin. Àwọn tó ń kọ nípa orin ní England béèrè. Wọ́n ní ó ti pọ̀ jù, ó ti wúwo jù, ó ń ṣe bí ẹni ńlá.

Àwọn kọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ kọ̀ ọ́ pàápàá. Ọ́fíìsì A&M ní London gbọ́ téèpù náà, wọn kò fẹ́ ẹ. Ẹ fojú inú wò ó: mọ́tò ti lọ, ilé wà ní ògò, àwọn tó yẹ kó tà á sì ní kò ṣeé tà. Jerry Moss, ọ̀kan nínú àwọn méjì tó dá ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ló gbọ́ ọ tó ní kí wọ́n gbé e jáde. Ní oṣù karùn-ún ó gba ipò kìn-ín-ní láàárín gbogbo àwo orin ní Britain. Ní Amẹ́ríkà ó dé ipò kẹta. Ní oṣù karùn-ún kan náà, Wakeman kúrò nínú Yes.

Ẹ jẹ́ kí a yà sílé díẹ̀. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún yẹn ní England, àwo orin mìíràn tó gun orí òkè kan náà ni Band on the Run ti Paul McCartney. Apápá, ní Èkó wa níbí, ni wọ́n ti gba èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ sílẹ̀ ní 1973. Àwọn tó ń ra àwo orin ní London lọ́dún yẹn lè gbé abẹ́ ilẹ̀ Iceland sí ọwọ́ ọ̀tún, kí wọ́n gbé Èkó sí ọwọ́ òsì. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn nìyẹn.

Ní ọjọ́ 27, oṣù keje, Wakeman gbé e lọ sí gbangba ìta ní Crystal Palace, ní gúúsù London. Omi wà níwájú pèpéle, wọ́n sì fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú àwọn ẹranko ràgàjì oníròbà kí wọ́n lè dìde láti inú omi náà nígbà ìjà. Eré yẹn dùn, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ kò yá. Iṣẹ́, ọtí, sìgá àti àìsùn ti pàdé. Kò pẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ tí ọkàn rẹ̀ fi dá a dúró, wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni, àwọn dókítà sì ń sọ fún un pé kó fi orí pèpéle sílẹ̀. Orí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orin tó kàn, lórí ọba Arthur. Kó tó di ìparí ọdún, ó ti kó ọkẹ́sítírà àti akọrin lọ káàkiri Amẹ́ríkà. Ní 1975 ó ṣe ti ọba Arthur ní Wembley lórí yìnyín, tòun ti àwọn tó ń fi bàtà onírin yọ̀ káàkiri. Gbọ̀ngàn kún, owó sì ṣòfò. Àwọn méjì tó ní ìwà òmùgọ̀ ni ní ká kọ ìyẹn sílẹ̀ dáadáa.

Lẹ́yìn náà, ayé yí padà. Ní 1976 sí 1977, pọ́ńkì dé: orin ìṣẹ́jú méjì, kọ́ọ̀dù gìtá mẹ́ta, ìbínú. A&M kan náà gba àwọn Sex Pistols ní oṣù kẹta 1977, ó sì lé wọn jáde láàárín bí ọ̀sẹ̀ kan. Orúkọ Wakeman di ohun tí wọ́n fi ń ṣẹ̀fẹ̀. Síbẹ̀, irú àwo orin onítàn yẹn kò kú. Ní 1978, Jeff Wayne gbé The War of the Worlds jáde, Richard Burton sọ ìtàn rẹ̀, Justin Hayward tó wà nínú Moody Blues kọrin nínú rẹ̀. Ó tà ju ẹnikẹ́ni ti rò lọ.

Ibi tó kàn wá jù nìyí. Wakeman àti àwọn ará rẹ̀ kò gba gbogbo orin náà sí orí àwo. Ohun tí ó kọ tó ìṣẹ́jú márùn-dín-lọ́gọ́ta. Ojú kan àwo orin kò lè gbà ju bí ogún ìṣẹ́jú lọ kí ohùn rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀wẹ̀sì, torí pé bí orin bá ti gùn tó ni ìlà tí abẹ́rẹ́ ń tọ̀ ṣe gbọ́dọ̀ fún tó. Nítorí náà wọ́n gé e. Èyí tí wọ́n gé wà nínú ìwé orin olùdarí, lórí bébà. Ní àwọn ọdún 1980, ilé-iṣẹ́ MAM tó ń bójú tó iṣẹ́ rẹ̀ wọ gbèsè, ó sì túká. Ìwé orin náà bá a lọ. Kò sí ẹ̀dà mìíràn. Fún bí ọgbọ̀n ọdún, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú orin tó gba ipò kìn-ín-ní kò sí níbì kankan tí ẹnikẹ́ni lè tọ́ka sí.

Nígbà tí a ka ibí yìí, olórin àárín wa dákẹ́. Olùkọ́ kan tó kọ́ ọ ní ìwé orin ṣọ́ọ̀ṣì tó fi ọwọ́ kọ, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún iṣẹ́, tí wọ́n kó sínú páálí kan ní ibi tí òjò ti ń jò. Wọ́n kún yàrá náà lọ́dà, wọ́n sì kó páálí náà sọnù mọ́ pàǹtí. Kò sí ẹni tó mọ̀ títí bàbá náà fi béèrè.

Wakeman ṣe apá kejì ìtàn náà ní 1999, Return to the Centre of the Earth, Patrick Stewart sọ ìtàn, Justin Hayward tún kọrin kan nínú rẹ̀. Ìtàn tuntun nìyẹn, kì í ṣe ìwé tó sọnù. Ní nǹkan bí ọdún 2009 ni páálí kan dé ilé rẹ̀. Ní ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni ìwé orin olùdarí wà, omi ti bà á jẹ́, àwọn ojú ìwé ti lẹ̀ mọ́ ara wọn. Guy Protheroe, tó ń darí English Chamber Choir, ló jókòó tì í, tó ń ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, tó ń tún nótì kọ sórí kọ̀ǹpútà. Ní 2012 wọ́n gba gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lákọ̀tun, ní sítúdíò lọ́tẹ̀ yìí, pẹ̀lú orin tí wọ́n ti gé kúrò. Hemmings ti kú ní 2003, nítorí náà Peter Egan ló sọ ìtàn. Ashley Holt, ará ilé ọtí Holmer Green, ṣì wà níbẹ̀, ó tún kọrin. Ní 2014, wọ́n gbé e padà sórí pèpéle, ogójì ọdún lẹ́yìn alẹ́ Royal Festival Hall.

A gbọ́ ti 2012 náà lánàá, ní hẹ́dífóònù méjì tí a pín láàárín àwa mẹ́rin. Ó mọ́, ó gún régé, àwọn ibi tó sọnù sì jẹ́ kí ìrìn náà yéni sí i. Mẹ́ta nínú wa ṣì fẹ́ràn Hemmings jù. Olórin àárín wa kò dá sí i. Ó ti gbé fóònù rẹ̀ jáde, ó ń pe olùkọ́ rẹ̀ àtijọ́, ó ń béèrè bóyá bàbá ṣì rántí èyíkéyìí nínú àwọn orin yẹn sórí, kí òun lè wá ní Sátidé wá kọ wọ́n sílẹ̀.